Káàdì kan, ẹlẹ́rìí márùn-ún: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí wíwá ìtàn àwọn tó kọ káàdì alááwòrán àtijọ́

Bí a bá tú àpótí àwọn àgbà palẹ̀ ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀, láàárín ìwé ìsàmì, rìsíìtì owó orí àti fọ́tò ìgbéyàwó, a lè bá káàdì alááwòrán kan tàbí méjì níbẹ̀. Àwòrán wà níwájú, ìkíni ṣókí wà lẹ́yìn, sítáńbù wà ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pọ̀: "Mo ti dé láyọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá. Owó yẹn ń bọ̀." Ta ló kọ ọ́? Owó wo? Ìyá ta ni? Ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Káàdì kan kì í ṣe ẹlẹ́rìí kan. Márùn-ún ni wọ́n lára rẹ̀: àwòrán, ọ̀rọ̀ tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ sí i, sítáńbù, òǹtẹ̀ póòsì, àti ọwọ́ ẹni tó kọ̀wé. Ó ṣeé ṣe kí ogún ọdún wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà àti ọjọ́ tí ẹnìkan jókòó kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣojú ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan nìkan ló lè sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwa ni a ní kí ẹlẹ́rìí kan rojọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

"POST CARD" lẹ́yìn kò ní kí wọ́n ti fi ránṣẹ́

Láyé ìgbà kan, bébà tí àwọn ayafọ́tò ń rà ti wà ní gígé sí ìwọ̀n káàdì, sẹ̀ǹtímítà 9 sí 14, ìyẹn ínǹṣì 3½ sí 5½. Wọ́n ti tẹ "POST CARD" sẹ́yìn rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, wọ́n sì ti fa ìlà sáàárín. Ẹni tó wọ aṣọ tuntun lọ ya fọ́tò, irú bébà yìí ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó mú un délé, ó kọ "fún ìrántí" sẹ́yìn, ó fi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ póòsì rí. Lónìí ẹni tó rí i á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "káàdì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Iléṣà", irọ́ àkọ́kọ́ ti wọlé nìyẹn.

Wo ohun mẹ́ta kó o tó sọ pé wọ́n fi ránṣẹ́: àdírẹ́sì, sítáńbù tàbí ojú ibi tí wọ́n ti ṣí i kúrò, àti òǹtẹ̀ póòsì. Bí kò bá sí ọ̀kankan, ọwọ́ ni wọ́n fi gbà á, tàbí kó jẹ́ pé inú àpò ìwé ló wà nígbà tó rìnrìn-àjò. Èyí tó wà nínú àpò ìwé sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ àṣírí ju tàwọn yòókù lọ, nítorí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé akọ̀wé póòsì ò ní kà á.

Lẹ́yìn náà, mú díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá, èyí tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá tó, kó o wo ojú àwòrán. Bó o bá rí tóótòòtó kéékèèké, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́, irú rẹ̀ lè pé ẹgbẹ̀rún lọ́jà. Bó bá jọ̀lọ̀ láìsí tóótòòtó, fọ́tò gidi ló sábà máa ń jẹ́, èèyàn díẹ̀ ló ní in, ó sì súnmọ́ ẹbí ju èyí tí wọ́n tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Wo igun ibi tí sítáńbù yẹ kó wà. Orúkọ bébà lè wà níbẹ̀. Bébà AZO tó ní igun-mẹ́ta mẹ́rin tí gbogbo wọn kọjú sókè jẹ́ ti 1904 sí 1918. Bí méjì bá kọjú sókè tí méjì kọjú sísàlẹ̀, 1918 sí 1930 ni. Ọjọ́ orí bébà lèyí o, kì í ṣe ti fọ́tò. Ayafọ́tò tó ra páálí bébà kan lè lò ó pẹ́.

Àwòrán kò mọ ọdún tí wọ́n kọ ìwé

Ní 1902 ni póòsì Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá kan, àdírẹ́sì lápá kejì. Jámánì ṣe tirẹ̀ ní 1905, Amẹ́ríkà ní 1907. Ṣáájú ìgbà yẹn, àdírẹ́sì nìkan ló lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sì ń lọ sí ojú àwòrán. Nítorí náà, káàdì tí wọ́n kọ̀wé yí àwòrán rẹ̀ ká kò bàjẹ́, ọmọdé kọ́ ló sì fi ṣeré. Àmì ọjọ́ ogbó ló jẹ́ fún un, àmọ́ rántí pé ẹni tó ní káàdì àtijọ́ nílé lè lò ó lẹ́yìn tí òfin ti yí padà.

Àwọn tó ń tẹ káàdì kì í ju àwòrán tó ń tà nù. Edmond Fortier, ará Faransé tó fi Dakar ṣe ibùdó, ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ń tẹ àwọn kan jáde léraléra, nọ́ńbà àti àkọlé sì lè yàtọ̀ láti ìtẹ̀jáde kan sí èkejì. Ní Èkó, N. W. Holm àti George Da Costa wà lára àwọn ayafọ́tò tó lórúkọ láyé ìgbà náà. Bó o bá rí àwòrán kan náà pẹ̀lú àkọlé méjì, má yan èyí tó wù ọ́. Fi Google Lens, èyí tó ń fi àwòrán wá irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá àwọn ìtẹ̀jáde yòókù, kọ àkọlé gbogbo wọn sílẹ̀, kó o sì wo èyí tí ọjọ́ òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ti gbogbo wọn. Àkọlé tó bá kọ́kọ́ yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí, ẹni tó ń ta káàdì ló kọ ọ́.

Àkọlé "Owa of Ilesha" láìsí orúkọ tún ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ọwá Ajímókò Kìíní wà lórí ìtẹ́ láti 1896 sí 1901, Ataiyérò tẹ̀ lé e títí di 1920, Arómọ́láràn Kìíní sì jọba títí di 1942. Ọwá mẹ́ta láàárín àádọ́ta ọdún. Ẹni tó kàn mú orúkọ kan lé e lórí ti gbé adé ẹnìkan wọ ẹlòmíràn.

Nígbà mìíràn, àwòrán máa ń sọ ibi tí a ò lè kọjá sẹ́yìn, ohun tó dára jù tó lè ṣe fún wa sì nìyẹn. Ní 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀. Káàdì tó bá ní àwòrán ọ̀kan nínú wọn kò lè ṣáájú ọdún yẹn, ohun yòówù tí ẹbí bá sọ nípa bàbá àgbà tó fi ránṣẹ́. Fásitì Ifẹ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí káàdì bá kà pé "University of Ife, Ibadan", má ṣe rò pé òǹkọ̀wé ṣi ìlú mú. Ìbàdàn ni fásitì náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, ó di 1967 kó tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì di tirẹ̀ ní 1987.

Sítáńbù àti òǹtẹ̀: wọ́n jọ wà lójú kan, wọn ò sọ ohun kan náà

Àṣìṣe tó rọrùn jù ni kéèyàn wo orí ọba tó wà lára sítáńbù, kó sì fi ọdún ìjọba rẹ̀ dá ọdún káàdì mọ̀. Ọbabìnrin Victoria kú ní oṣù kìíní 1901. Síbẹ̀ orí rẹ̀ ló wà lára sítáńbù Southern Nigeria tí wọ́n ṣe jáde ní 1901 yẹn kan náà. Àwọn èèyàn ń lo èyí tó kù lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ìlú tó wà lára sítáńbù wúlò ju orí ọba lọ: sítáńbù "Lagos" jẹ́ ti ìgbà tí Èkó dá dúró, kó tó dara pọ̀ mọ́ Southern Nigeria ní 1906. Sítáńbù "Nigeria" kò sí ṣáájú 1914. Bí kọ́bọ̀ bá wà lára rẹ̀, káàdì náà ti wọ 1973 tàbí kó ti kọjá rẹ̀.

Bí káàdì bá wá láti Ìlú Ọba, owó sítáńbù náà lè sọ̀rọ̀. Ààbọ̀ pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì, ½d, ni wọ́n fi ń rán káàdì láti ìlú kan sí èkejì níbẹ̀ títí di oṣù kẹfà 1918, kó tó di 1d. Àwọn kan tún máa ń sọ pé bí sítáńbù bá dagun, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Àṣà kan wà bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń kánjú náà máa ń lẹ sítáńbù dagun. Má kọ ìtàn ìfẹ́ lé e.

Òǹtẹ̀ ló ṣeé gbára lé jù, bí a bá lè kà á. Pa iná yàrá, gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ gba ojú rẹ̀ kọjá, yí i kiri díẹ̀díẹ̀, kó o máa ya fọ́tò. Ibi tí irin òǹtẹ̀ ti tẹ bébà wọlé á jáde kódà bí ìǹkì ti parẹ́. Má fi omi nù ún, má fi pẹ́ńsù tọ ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn tó o bá kà á tán, ṣọ́ra fún mẹ́ta. Ìkíní, ètò ọjọ́: 5.6.09 lọ́wọ́ póòsì Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, àmọ́ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tó kọ 5/6/09 ní ọwọ́ ara rẹ̀ ń sọ ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Ìkejì, ìlú tó wà nínú òǹtẹ̀ lè jẹ́ ibi tí lẹ́tà gbà kọjá. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò sì gba Iléṣà tàbí Ifẹ̀ kọjá, nítorí náà òǹtẹ̀ "Oshogbo" lára káàdì ará Iléṣà kò sọ ọ́ di ará Òṣogbo. Ìkẹta, ọ̀rọ̀ náà "Paquebot". Ó túmọ̀ sí pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti fi káàdì náà ránṣẹ́, èbúté tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ló lu òǹtẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sítáńbù ìlú kan fi lè gba òǹtẹ̀ ìlú mìíràn. Bó o bá rí i, ìwé orúkọ èrò inú ọkọ̀ ni kó o wá, àwọn ọkọ̀ Elder Dempster tó ń ná Liverpool sí Èkó ni kó o sì fi bẹ̀rẹ̀.

Má tún ọ̀rọ̀ wọn kọ

Bó o bá ń da ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì kọ, kọ ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe wà: ìlà kan sí ìlà kan, àṣìkọ tòun ti àṣìkọ. Ibi tí o kò lè kà, fi àmì kan náà sí i ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá sọ "nwọn" di "wọ́n", "enia" di "ènìyàn", "aiye" di "ayé", ó ti pa ẹ̀rí rẹ́. Àkọtọ́ àtijọ́ nìyẹn, èyí tí ìgbìmọ̀ ọdún 1966 tún ṣe, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 1974. Bí ẹnìkan bá kọ káàdì ní 1980 tó ṣì ń kọ "nwọn", a ti mọ ìran tó kọ́ ọ níwèé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ule" dípò "ile". Àṣìkọ kọ́ o, Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé èdè Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn ní àgékúrú tó ti kú báyìí. "Inst." ni oṣù tí a wà nínú rẹ̀, "ult." ni oṣù tó kọjá, "prox." ni oṣù tó ń bọ̀. "Yours of 14th ult." tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù kẹta ń sọ pé lẹ́tà kan ti wá ní ọjọ́ 14 oṣù kejì. "D.V." ni "bí Ọlọ́run bá fẹ́". "Master" níwájú orúkọ jẹ́ ọmọdékùnrin, kì í ṣe tíṣà. "Home" lẹ́nu òyìnbó tó ń gbé Iléṣà ni Ìlú Ọba.

Káàdì ológun tún yàtọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sí, "I am quite well" àti àwọn ìlà bẹ́ẹ̀, ológun á kàn fa igi pa èyí tí kò kàn án. Bó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un, wọ́n á ya káàdì náà nù. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ọkàn bàbá àgbà balẹ̀ lójú ogun nítorí pé ó kọ "ara mi le", ìtẹ̀wé ìjọba ló ń kà. Ohun tó yẹ kó wò ni àwọn ìlà tí bàbá fa igi pa.

Bí ọ̀rọ̀ bá wà ní Yorùbá, ka ọjọ́ bí Yorùbá ṣe ń kà á, ìyẹn ni pé òní wà nínú rẹ̀. Káàdì tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá tó ní "ìjọ́ kẹsàn-án òní ni mo ń bọ̀" ń sọ ọjọ́ 11, kì í ṣe 12. Ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ 16 ní kíkà òyìnbó. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ bó o bá ń fi ọjọ́ wá ọkọ̀ tàbí ìsìnkú kan nínú ìwé ìròyìn, ọjọ́ kan tó sú lọ lè jẹ́ kó o wá gbogbo rẹ̀ tì.

Ọkọ mi, bàbá mi, àbúrò mi

Níbí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ọmọ Yorùbá ló sì ń ṣe é, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ronú nígbà tó bá ń ya igi ìdílé.

Obìnrin kọ káàdì, ó ní "ọkọ mi ọ̀wọ́n". Olùwádìí fò fẹ̀rẹ̀, ó kọ "ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́". Ìyàwó ilé ni lóòótọ́, àmọ́ ìyàwó ilé ń pe gbogbo ọmọ bíbí ilé ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, pàápàá àwọn tó bá nílé. Ó ṣeé ṣe kí "ọkọ" tó ń kọ̀wé sí jẹ́ ọmọdébìnrin tó wà ní ilé ìwé. Bákan náà, obìnrin tó kọ "ìyàwó mi" lè máa sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyàwó ilé kì í pe àwọn ọkọ wọ̀nyí lórúkọ. Ó ń fún wọn ní ìnagijẹ: Akọ̀wé, Opẹ́lẹ́ńgẹ́, Adúmáadán, Bàbá Kékeré. "Ẹ bá mi kí Akọ̀wé" lè má ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọ́fíìsì. Bó o bá lọ wá akọ̀wé ìjọba nínú ìwé àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, oṣù kan á lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan nínú agboolé náà lè sọ fún ọ láàárín ìṣẹ́jú méjì ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Bàbá mi" lè jẹ́ àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí olórí agboolé. "Àbúrò" àti "ẹ̀gbọ́n" kò sọ akọ tàbí abo, "ó" náà kò sọ ọ́. Tí o bá túmọ̀ "àbúrò mi" sí "brother", o ti fi ọmọkùnrin tí kò sí kún ìdílé onídìílé. "Dear Brother" láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá sì lè jẹ́ ará ìjọ tàbí ọmọ ìlú kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lo "ẹ" fún ẹnìkan, ó fi ipò hàn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìyàwó tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè máa fi "ẹ" bá ọ̀dọ́langba tó bá nínú ilé sọ̀rọ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àwọn ẹ̀ka-èdè bí ti Èkìtì àti Oǹdó kì í fi "ẹ" bu ọlá fún ẹnìkan ṣoṣo, nítorí náà "o" láti ọwọ́ ará ibẹ̀ sí àgbàlagbà kì í ṣe àfojúdi.

Orúkọ ní tirẹ̀ máa ń sọ ju bí a ṣe ń retí lọ. Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ obìnrin, Àkànní jẹ́ ọkùnrin, nítorí náà oríkì kan ṣoṣo nínú káàdì lè yanjú ọ̀rọ̀ akọ-tàbí-abo tí "ó" kọ̀ láti yanjú. Bí káàdì bá ní "ara Ìdòwú kò yá", ìbejì ti ṣáájú rẹ̀ wá lọ́dọ̀ ìyá yẹn. Lọ wo ìwé ìsàmì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wá ìbejì, wàá rí ìyá. Babátúndé àti Yétúndé ń sọ pé bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan ti kú ṣáájú ìbí náà. Kìkì pé bí orúkọ bẹ́ẹ̀ bá ti di orúkọ ìdílé tí gbogbo ọmọ ń jẹ́, ẹ̀rí náà ti kú.

Ẹni tó pòórá kò kú, orúkọ ló pa dà

Láti ìparí àwọn ọdún 1880, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní Èkó àti ìlú mìíràn bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mọ́jọlà Agbébì ní 1894. Bó o bá ń wá "Vincent" lẹ́yìn ọdún yẹn, wàá rò pé ó kú. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ìsàmì. Àgbàlagbà tó gba orúkọ Josiah lọ́jọ́ ìsàmì ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn fún ogójì ọdún. Ọjọ́ ìsàmì kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí, àṣìṣe tó wà lára òkúta ibojì púpọ̀ nìyẹn.

Àdírẹ́sì náà kì í ṣe ilé ẹni ní gbogbo ìgbà. 62 Camden Road ní London dà bí ilé ẹnìkan, ṣùgbọ́n ní 1933 ó di ilé ibùwọ̀ WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ ṣe olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1925. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gba lẹ́tà níbẹ̀. "C/o" sì ń sọ pé ẹlòmíràn ló ń bá a gbà á. Àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri tà láwìn, lè gba lẹ́tà lọ́dọ̀ onílé wọn ní ìlú tó jìnnà sí Iléṣà. Má sọ orúkọ onílé di orúkọ ẹbí wọn.

Bó o bá ń wá ìlú nínú ìwé àtijọ́, wá Ilesha, Ilesa àti Ijesha, wá Ife àti Ile Ife, wá Oshogbo. Fi "sh" dán gbogbo orúkọ tó ní "ṣ" wò.

Níbo ni kó o ti wá a? Má dúró sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìwé ìsàmì àti ti ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ àtijọ́, bí Mẹ́tọ́díìsì Ọ̀tàpẹ̀tẹ̀ àti St. John's Ìlórò ní Iléṣà, tàbí St. Philip's Ayétòrò ní Ifẹ̀. Kọ̀wé ṣáájú kó o tó lọ, sọ ọdún tó o ń wá, kì í ṣe "gbogbo ohun tó bá wà nípa ẹbí wa". National Archives ní Ìbàdàn, inú ọgbà fásitì, ni ìwé ìjọba amúnisìn wà. Iléṣà àti Ifẹ̀ wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ Province nígbà yẹn, nítorí náà fáìlì "Oyo Prof" kò ṣe é fojú fò. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà òyìnbó ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ló kọ káàdì náà, ìwé àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì wà ní fásitì SOAS ní London. Ti CMS, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, wà ní fásitì Birmingham. Ìwé orúkọ àwọn tó wọkọ̀ láti Ìlú Ọba jáde wà láti 1890 sí 1960. Ìkànìyàn wọn ti 1911 àti 1921 ṣeé wò, ti 1931 jóná, wọn ò ṣe ti 1941 rárá. Nínú ìwé ìròyìn, Akéde Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928 àti West African Pilot ti 1937 dára fún ìkéde ìgbéyàwó àti òkú.

Má fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dá orúkọ lé káàdì lórí. Ó kéré tán, kí ohun méjì tí kò ti orísun kan náà wá bá ara mu: orúkọ àti ibi, tàbí ibi àti ọjọ́, tàbí ọwọ́ ìkọ̀wé àti ìfọwọ́sí inú ìwé ìgbéyàwó. Pín bébà sí apá mẹ́ta, kọ ẹlẹ́rìí márààrún sí apá kìíní, ohun tó sọ sí ìkejì, ohun tí kò lè sọ sí ìkẹta. Apá kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Bí a ò bá rí àdán, à á fòòbẹ̀ ṣẹbọ, àmọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kí a jẹ́ kí ojú ibẹ̀ ṣófo ló dáa jù.

Ọwọ́ tó ba káàdì jẹ́

Sẹ́lótéèpù, gúlúù àti lamination ti ba káàdì jẹ́ ju ikán lọ. Sẹ́lótéèpù á pọ́n, á wọ inú bébà, kò sì ní kúrò mọ́. Álíbọ́ọ̀mù tó ní àtè máa ń ya ẹ̀yìn káàdì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní PVC, kò dára. Ra ti polyester tàbí polypropylene. Má ṣí sítáńbù kúrò láti wo abẹ́ rẹ̀, má kọ nọ́ńbà sára káàdì pẹ̀lú báírò. Má tò ó sínú àpótí ìsàlẹ̀ ilé lásìkò òjò. Fọ́tò gidi ní ohun kan bí gẹ̀látìnì lójú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, aáyán sì fẹ́ràn rẹ̀. Síkáànù iwájú àti ẹ̀yìn ní 600 dpi, ẹ̀yìn ṣáájú, nítorí ìyẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Kó o tó gbé e sí Facebook

Káàdì ò ní àpò ìwé, ìyẹn ò ní kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé. Gbèsè, àìsàn, ọmọ tí wọn ò mọ̀ sí, gbogbo rẹ̀ lè wà nínú ìlà mẹ́rin, àwọn ọmọ-ọmọ sì wà láàyè. Lọ rí ẹbí náà kó o tó tẹ ohunkóhun jáde. Gba ọ̀dọ̀ olórí ẹbí wọlé, má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ ìnáwó mọ́, mú ẹ̀dà tó o ti tẹ̀ sí bébà ńlá dání kí àgbà lè rí i láìsí awò ojú, fi káàdì gidi sílẹ̀ nílé. Má kọ́kọ́ sọ ohun tó o rò. Bí o bá ní "ṣé ìyàwó bàbá yín nìyí?", wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni láti fi ṣe ọ́ lálejò. Gbé àwòrán sílẹ̀, kó o bèèrè pé "ta nìyí?", kó o sì dákẹ́.

Kọ orúkọ ẹni tó dáhùn, ọjọ́ tó dáhùn, àti bó ṣe bá ẹni inú káàdì tan. Bó bá ní "bàbá mi ni", fi ọ̀wọ̀ bi í bóyá òun ló bí i lọ́mọ, tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ ni.